Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀wù Tíṣà

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìtàn inú fíìmù náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́: bàbá kan ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù káàkiri ìgboro. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ya ọjọ́ kan yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ o. Kálukú ló ní iṣẹ́ tó fi ń jẹun, Sátidé nìkan ló ṣẹ́ kù fún kámẹ́rà, ìyẹn náà bí òjò ò bá rọ̀.

Ẹ ò ní í rí irú wọn níbi tí wọ́n ti ń pín àmì ẹ̀yẹ. Olùdarí wọn, fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ló ń yà tẹ́lẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹni tó ń sunkún láìjẹ́ kó fura. Ẹni tó di kámẹ́rà mú jẹ́ onífọ́tò pásípọ́ọ̀tù, débi pé bó bá ti rí ojú èèyàn, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ ni, "Ẹ má rẹ́rìn-ín o." Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀, rédíò ló ń tún ṣe. Ẹni tí wọ́n fi ṣe bàbá ọmọ, tíṣà ìṣirò ni, Tíṣà náà ni gbogbo wọn sì ń pè é. Ẹni tí ìtàn yìí wá dá lé lórí ni obìnrin tó ń tọ́jú aṣọ wọn. Aránṣọ ni, ìyàwó olùdarí, ẹ̀gbọ́n Tíṣà. Nítorí pé abẹ́rẹ́ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.

Kò tíì dàgbà púpọ̀ nígbà tí bàbá wọn kú. Màmá wọn ń bá àwọn èèyàn fọṣọ kiri, Àǹtí Abẹ́rẹ́ ló sì ń pọn Tíṣà, tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn, títí ẹsẹ̀ ọmọ náà fi ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi í síṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí lọ. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú lásán wọn èèyàn. Bó o bá wọlé tó o kí i, kó o tó jókòó, ó ti mọ bí àyà rẹ ṣe fẹ̀ tó àti èjìká tó ga ju èkejì lọ. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán fún ọdún gbọọrọ, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì ti tọ́ àbúrò rẹ̀ títí tó fi di tíṣà.

Ìgbéyàwó oníbàárà rẹ̀ kan ló ti pàdé ọkọ. Etí aṣọ ìyàwó já, ó kúnlẹ̀, ó ń rán an. Nígbà tó máa gbójú sókè, ẹnì kan ń yà á ní fídíò. Ó bi í pé kí ló dé, ọkùnrin náà ní ọwọ́ rẹ̀ dùn ún wò ju ìyàwó lọ. Irọ́ ọkùnrin! Ó sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ọkọ náà wá sọ lọ́jọ́ kan pé ayọ̀ àwọn ẹlòmíì tí òun ń yà ti sú òun, pé òun fẹ́ ya ìtàn tòun, òun náà ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Ẹ̀wù aláwọ̀ eérú ni Tíṣà ń wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ta ló ń pààrọ̀ ẹ̀wù níbi tó ti ń wá ọmọ? Ní ọdún kẹta, ní Sátidé kan, Àǹtí Abẹ́rẹ́ ń bá a de bọ́tìnnì ọrùn, ni ìka rẹ̀ bá yọ́ wọ àárín ọrùn àti kọ́là. Tẹ́lẹ̀, kò sáyè fún ìka níbẹ̀. Ó wo èjìká, ó wo ìgbáròkó. Tíṣà ti rù.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Iṣẹ́ ni, Àǹtí mi. Ìdánwò àwọn ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sinmi."

"Iṣẹ́ wo ló ń jẹ ẹran ara báyìí? Àbí o kì í jẹun ni?"

"Mò ń jẹun o. Mò ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an."

Kò parọ́. Ó ń jẹun, ó sì ń mu omi. Ike omi tí wọ́n gbé wá fún gbogbo èèyàn, òun nìkan lè dá a mu tán, á sì tún sá lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé. Wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Onífọ́tò ní, "Tíṣà, ṣé ẹja ló bí yín ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, Tíṣà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó lọ sọ́sípítù.

"Bí mo bá lọ, wọ́n á dá mi dúró síbẹ̀," ni Tíṣà sọ. "Ilé àtijọ́ tá a fẹ́ ya ìparí sí, wọ́n ti ní àwọn máa wó o. Tí wọ́n bá wó o, iṣẹ́ wa ti já sásán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ ná, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bọ̀dá. Wọ́n á dá iṣẹ́ dúró nítorí mi."

Ó yẹ kó sọ. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, òun náà fẹ́ kó parí. Ó fẹ́ rí i kí ọkọ òun parí nǹkan kan láyé yìí, kí àbúrò òun tí kò jẹ́ ẹnì kankan rí náà jẹ́ ẹnì kan lójú àwọn èèyàn. Ó ní tó bá ti di Sátidé tó ń bọ̀, òun máa sọ.

Sátidé tó ń bọ̀ dé, kò sọ, ṣe ló dín kọ́là ẹ̀wù náà kù. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó fi fóòmù sí èjìká. Nígbà tó yá, ó rán sínglẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́po méjì, ó kó òwú sáàárín rẹ̀, kí àyà lè kún bó ṣe kún lọ́dún àkọ́kọ́. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé kámẹ́rà ò rí nǹkan kan. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ti adìẹ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán ìyẹ́ sí i lára.

Ojú nìkan ni kò lè rán nǹkan sí. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ti dé ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ bàbá ọmọ, ebi ti pa á. Nígbà tí olùdarí rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tíṣà ṣe jìn wọnú, ṣe ló pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wojú! Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é! Níbo lo ti kọ́ eléyìí?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Àǹtí Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó sì dùn mọ́ ọn pé kò lè sọ̀rọ̀.

Màmá wọn ń gbé ìlú mìíràn, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè rìnrìn àjò mọ́. Olùdarí a máa fi díẹ̀ lára fídíò náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ìyá náà á sì pe ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Mo rí àbúrò ẹ. Ojú ẹ̀ fà díẹ̀, àmọ́ ọkọ ẹ ní eré ni. Ara ẹ̀ kún, mo dúpẹ́. Ìwọ lò ń tọ́jú ẹ̀, Ọlọ́run á tọ́jú tìẹ náà."

"Àmín, Màmá."

Wọ́n ya ìparí náà ṣáájú kí wọ́n tó wó ilé. Bàbá ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. "Ó tó!" ni olùdarí ké. Tíṣà ò dìde. Wọ́n rò pé eré ṣì ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, onífọ́tò tiẹ̀ ń súfèé. Àǹtí Abẹ́rẹ́ nìkan ló sáré. Ó fa ẹ̀wù náà ya, òwú yọ síta, ọkọ rẹ̀ sì dúró lórí wọn, ó ń wo òwú náà.

"Kí lèyí?"

"Ẹ bá mi gbé e lọ sọ́sípítù!" ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ ké.

Àtọ̀gbẹ ni, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ. Ó ní oògùn rẹ̀ wà, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. "Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni." Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Tíṣà ò lajú mọ́ títí tó fi kú. Wọ́n sọ fún màmá pé òjijì ni. Olùdarí kò bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè kankan mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń gé fíìmù rẹ̀, ìyàwó sì ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà fún un.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé tí Tíṣà ti ń kọ́ni ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé màmá wá, ó jókòó níwájú, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí iná tàn, tí àwọn èèyàn ń nu ojú, kò jù ú sílẹ̀.

"Mo wò ó láti òkè délẹ̀," ló wí. "Mi ò rí àìsàn kankan lára ọmọ mi. Ìwọ tó ń wọṣọ fún un, ṣé o rí i?"

Olùdarí yára dá sí i. "Màmá, òjijì ni, a ti sọ fún yín pé..."

"Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo rí i, Màmá," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí. "Ó pẹ́ tí mo ti rí i. Èmi ni mo kó òwú sí i láyà kẹ́nikẹ́ni má bàa rí i. Ẹ̀yin náà."

Ìyá náà wo ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e padà sórí itan ẹni tó ni ín, ó sì yíjú sí onífọ́tò tó wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi fíìmù hàn.

"Ẹ bá mi tún un fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ wo ọmọ mi." Kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó fi sọ èyí tó kù. "Ìwọ, bọ́ síta."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ dìde. Kò sẹ́ni tó bá a dìde, ọkọ rẹ̀ pàápàá.