Ìyá Tó Ń Kí Gbogbo Ayé Kú Ewu

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Màmá Bíọ́dún, aránṣọ tó wà ní Òkè Gada ní Ẹdẹ, kò mọ èèyàn kí. Ó mọ̀ ọ́n kí débi àṣejù. Bí ewúrẹ́ rẹ bá já sí kòtò tí wọ́n sì yọ ọ́, á wá kí ọ, á sì kí ewúrẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ẹni tí wọ́n bá ránṣẹ́ ìjàǹbá sí, tí kò fi ìkíni dá wọn lóhùn, ọ̀dájú ni. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ń kọ́ ọmọ, kò tíì sí fóònù tó ń gbé ìròyìn kiri.

Bíọ́dún, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin yìí bí, ń wa tírélà láti Ìbàdàn lọ sí òkè Ọya. Màmá kì í pè é, nítorí ó dá a lójú pé ìpè ìyá lè mú awakọ̀ gbójú kúrò lójú ọ̀nà. Bíọ́dún náà kì í sábà pè. Bí ọkàn Màmá ò ṣe balẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń ránṣọ, ọ̀nà ló ń rò. Bó bá ń gbàdúrà, ọ̀nà ni.

Grace, ayálégbé rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé yunifásítì, ló bá a wá ọgbọ́n sí i. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ máa gbọ́. Gbogbo ìwé ìròyìn tó bá ti mẹ́nu bà á lórí ayélujára, fóònù yín á ta yín lólobó."

"Kọ ìjàǹbá ọkọ̀," ni Màmá wí.

Grace kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fóònù ti ń ké bí òròmọdìẹ tó sọ ìyá nù. Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣubú ní Bràsíl. Ọkọ̀ tòmátì ti dojú dé ní Tọ́kì. Ní Íńdíà, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní Pólàńdì, ọkọ̀ kan kọ lu ẹṣin. Awakọ̀ ò kú, ẹṣin ò kú.

Ẹlòmíràn á kà á, á gbé fóònù jù síbì kan. Màmá Bíọ́dún kọ́. Lójú tirẹ̀, ṣe ni wọ́n ránṣẹ́ sí i. Àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí ronú kàn án láàárín wàhálà wọn, ṣé yóò wá dákẹ́ ni? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sábẹ́ ìròyìn kọ̀ọ̀kan pé: "Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Èmi ni, Màmá Bíọ́dún, Òkè Gada, Ẹdẹ." Níbi tí èèyàn bá ti kú, á kọ "ẹ kú ìrọ́jú" dípò ẹ kú ewu. Ó kí awakọ̀ Pólàńdì, ó sì kí ẹṣin lọ́tọ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ ń dáhùn. Obìnrin kan ní Bràsíl fi ẹ̀rọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó sì béèrè pé báwo ni Màmá ṣe bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tan. Màmá ní ọmọ ẹnì kan kì í ṣe ọmọ ẹnì kan nìkan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn láràárọ̀, tí wọ́n sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́ síra wọn.

Iṣẹ́ wá ń jìyà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláolúwa, olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Bàptíìsì wọn, wá gba aṣọ ìkórè. Ó wọ ọ̀kan wò: apá ọ̀tún bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, apá òsì dúró síbi ìgbúnwọ́.

"Màmá, irú aṣọ wo rèé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú dé ní Tọ́kì ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláolúwa wo Grace. Grace wolẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Grace gbé àga sún mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Màmá, ó yẹ ká jọ ìròyìn yìí bí ẹni jọ gàrí, kí háhá lè dá dúró. Bí a bá fi àmì àyọkúrò síwájú Íńdíà, ìròyìn Íńdíà ò ní í wá mọ́."

"Kí làwọn ará Íńdíà fi ṣe mí tí mo máa fi yọ wọ́n kúrò?"

"Wọn ò ṣe yín ní nǹkan kan. Bíọ́dún ò sí ní Íńdíà ni."

Màmá rò ó, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní èèyàn kì í dìde láàárín àwùjọ láìdágbére. Ó kọ̀wé sí Íńdíà pé kí wọ́n má bínú, kì í ṣe ìjà. Ó kọ sí Tọ́kì. Ó kọ sí Pólàńdì, ó ní kí wọ́n bá òun kí ẹṣin. Ti Bràsíl gba ọ̀sán kan gbáko, nítorí àwọn yẹn ti di ojúlùmọ̀.

Ó wá ku Nàìjíríà nìkan. Grace fi àmì àyọlò so tírélà mọ́ ìjàǹbá kí wọ́n má lè pínyà, ó fi Jẹ́bbà tí Bíọ́dún máa ń gbà kọjá sí i, ó ní ìwé ìròyìn ńlá nìkan ni kó máa mú wá.

"Ó ku ẹyọ kan, Màmá. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ Bíọ́dún kún un, tirẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́."

Màmá fò dìde. "Kí n gbé orúkọ ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàǹbá? Grace, ṣé kí n fọwọ́ ara mi ṣépè fún un ni?"

"Ẹ̀rọ lásán ni, Màmá."

"Ẹ̀rọ tó mọ Tọ́kì, tó mọ Pólàńdì! Ṣé o ò mọ̀ pé orúkọ ń roni ni?"

Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fóònù sì dákẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. "Ẹ bá mi yin Olúwa. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, fóònù mi ò dún!" Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ti ń wo àwọn tó ń ké yìí tipẹ́, wọn kì í béèrè ìdí. Ìwé ìròyìn ńlá wo ló sì ń kọ̀ròyìn táyà tó fọ́?

Lọ́jọ́ Túsìdeè, bí Màmá ti ń tú apá aṣọ akọrin, Bíọ́dún pè.

"Màmá, ẹ káàsán. Táyà mi fọ́ ní Jẹ́bbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ gbé mi ṣubú. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ń sùn títí mo fi rí òmíràn rà. Ibẹ̀ ni awakọ̀ kan ti ní kí n wá wo màmá kan lórí fóònù òun, ará Ẹdẹ tó ń kí gbogbo ayé. Ìwé ìròyìn Bràsíl ló gbé fọ́tò yín. Màmá, ẹ kí ẹṣin!"

"Ẹṣin náà fara pa ni."

Bíọ́dún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́. "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi náà wà lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ó wù mí kí ẹnì kan kí mi."

"Kí ló dé tó ò pè mí?"

"Bí mo bá pè yín, ìjàǹbá ẹlòmíràn lẹ máa ń kà fún mi."

Màmá lanu. Ìkíni tó ti kọ sí gbogbo ayé, tó mọ̀ lórí bí Àdúrà Olúwa, kọ̀, kò jáde. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra. Ohun tó bá a jáde ni, "Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun. Mo ti dé Sekona nítòsí Ẹdẹ níbí, ọkọ̀ mi ló tóbi ju ọ̀nà àdúgbò yín lọ."

Màmá bu ọbẹ̀ sí abọ́, ó wé ẹ̀bà mọ́ ọn, ó gun ọ̀kadà. Abẹ́ tírélà ló bá Bíọ́dún, ó ń de nǹkan. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ó kí i ní ewu, ó kí i ní ìrọ́jú, ó kí i ní oorun ilẹ̀ẹ́lẹ̀, títí ọbẹ̀ fi tutù. Bíọ́dún ò ní kó tó.