Iṣu Mẹ́wàá Lórí Baálé

Òórùn erùpẹ̀ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ni mo fi ń rántí ọjọ́ náà, òun àti òórùn aró tó ń jáde látinú àwọn ìkòkò ìyá mi lẹ́yìnkùlé. Ìdí àpáta ni ilé wa wà ní Abẹ́òkúta. Bí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn láti orí àpáta wá sí ojúde wa, á gbé aró lọ sójú títì. Ibì kan ṣoṣo ni omi yẹn kì í dé, lábẹ́ fèrèsé yàrá bàbá mi, níbi tí wọ́n sin bàbá tó bí bàbá mi sí. Láti kékeré ni mo ti máa ń rí bàbá mi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ sàréè náà, tí wọ́n á ní, “Ibí ni tèmi.” Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Òwúrọ̀ ni wọ́n kú. Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í sùn nílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n, àwọn àáfà ti jókòó, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè sì ti gbẹ́ ẹ dé orúnkún. Ìgbà yẹn ni baálé ilé wa jáde síta, orín lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ihò náà, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ẹ dáwọ́ dúró. A kì í sin ọmọ ẹrú sáàárín onílé.” Ó ní bàbá àgbà mi kì í ṣe ọmọ ilé náà, pé ṣe ni wọ́n ru ẹrù sórí wọlé lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá, pé àánú ló ṣe bàbá àgbà tòun tó fi yá wọn ní yàrá, àánú náà ló sì jẹ́ kí wọ́n sin wọ́n síbẹ̀, ẹni tí a yá ní yàrá ò sì lè sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mo wo gbogbo àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣe ni wọ́n ń wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fi ṣọ́bìrì wọ́ erùpẹ̀ padà, a sì gbé bàbá mi lọ sí ibi ìsìnkú gbogbogbòò lẹ́yìn ìlú, láàárín àwọn tí wọn ò mọ̀ rí.

Mi ò sunkún níwájú ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá baálé náà, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun, bàbá.” Ó rò pé ìtẹríba ni. Mo ti bímọ mẹ́ta nígbà yẹn, Láfẹ́nwá ni mo ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ mi, àdìrẹ ni mò ń tà. Bí mo ṣe ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ ni mo ti pinnu pé n óò wá ibi tí bàbá àgbà mi ti wá rí, ì báà jẹ́ inú igbó. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹrú lóòótọ́, n óò gbà. Bí wọn ò bá jẹ́ ẹrú, Ọlọ́run ló máa kó baálé yọ lọ́wọ́ mi.

Mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé. Ohun méjì péré ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ nípa orísun wa. Àkọ́kọ́, a kì í jẹ ìgbín. Gbogbo ilé á sè é nígbà òjò, òórùn rẹ̀ á gba ojúde kan, tiwa á yàtọ̀. Èkejì ni oríkì tí wọ́n fi máa ń kí mi láàárọ̀: “Ọmọ ìgbín ń jẹ̀ lójúde, a ò ṣà á. Ọmọ ọ̀pẹ méje ló dúró, kí ààlà má yẹ̀.” Mo mọ̀ pé àwọn ìyàwó ilé ló máa ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ báyìí ju àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ lọ, ni mo bá lọ bá èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Ẹ̀rù baálé ń bà á. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun mọ̀, pé bí inú bá ń bí bàbá àgbà mi, ohùn ẹnu wọn máa ń yí padà di ti ará oko ọ̀nà Owódé.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ná ọjà Owódé nìyẹn. Aṣọ ni mo rù lọ, ìbéèrè ni mò ń tà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń dá ọ̀rọ̀ ìgbín sílẹ̀ fún gbogbo arúgbó tó bá dúró ti àtẹ mi, wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ìyá arúgbó kan ń yẹ aṣọ mi wò, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké. Ìyá náà ń fi ọwọ́ kan gbọ̀n ọ́n, ó ń fi ìkejì wọn aṣọ, ó wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé, “Ọmọ ìgbín ń jẹ̀ lójúde, a ò ṣà á.” Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ẹrẹ̀. Kí ó tó mí, mo ti bá a parí rẹ̀: “Ọmọ ọ̀pẹ méje ló dúró, kí ààlà má yẹ̀.”

Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?”

Mo ní, “Ìyá, ohun tí mo wá bi yín nìyẹn.”

Ọ̀kadà ló gbé wa dé abúlé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àgbà tó ni ibẹ̀ kò tètè gbà mí gbọ́. Ó bi mí pé ọwọ́ wo ni bàbá àgbà mi fi ń di ọkọ́ mú. Mo ní bàbá mi sọ fún mi pé òsì ni. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi, kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ wo àwọn ọ̀pẹ. Márùn-ún ló ṣẹ́kù, ààrá ti pa méjì.

Àgbà náà ní àkọ́bí ilé náà ni bàbá àgbà mi. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan ní Abẹ́òkúta tí kò nílẹ̀ oko. Wọ́n bẹ bàbá wọn títí tí ìyẹn fi gé lára ìpín wọn fún ọ̀rẹ́ náà láti máa dáko, lórí àdéhùn iṣu mẹ́wàá àti kẹ́ẹ̀gì epo kan lọ́dún, kí ilẹ̀ má baà sọ orúkọ olówó rẹ̀ nù. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ìgbà tí bàbá àgbà mi bá àbúrò wọn jà ni wọ́n bínú fi ilé sílẹ̀, wọ́n lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ náà. Ẹrù tí wọ́n rù wọlé lọ́jọ́ yẹn, èbù iṣu ni, kí ọ̀rẹ́ wọn lè rí nǹkan gbìn. Wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ará ilé wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ilẹ̀ náà ní Abẹ́òkúta, kí ọ̀rẹ́ àwọn má baà kéré nínú ilé ara rẹ̀.

Mo bi í pé àwọn wo ló ń dáko níbẹ̀ báyìí. Ó ní àwọn ará Abẹ́òkúta kan náà ni, àwọn onílé ìdí àpáta. Pé alágbàáṣe ni wọ́n máa ń fi iṣu náà rán, baálé wọn kò wá rí. Ọ̀rẹ́ mi, oúnjẹ tí baálé yẹn jẹ dàgbà kó tó jáde wá lé òkú bàbá mi, orí ilẹ̀ bàbá àgbà mi ló ti hù.

Àgbà náà bi mí bóyá kí wọ́n lé wọn. Mo ní rárá. Ẹni tí a lé lọ, ọjọ́ kan ni yóò dùn ún. Mo ní kí wọ́n máa ro ilẹ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìpín bàbá àgbà mi ni, kí iṣu náà máa wá sọ́dọ̀ mi ní Láfẹ́nwá, kí ó sì jẹ́ pé baálé fúnra rẹ̀ ni yóò máa rù ú wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjà bàbá àgbà mi ló tún dé yìí.

Lọ́dún yẹn, alágbàáṣe ló kọ́kọ́ gbé iṣu náà wá. Mo fún un lómi mu, mo ní kó gbé e padà. Ìyàwó baálé wá, ó bẹ̀ mí, mo kí i dáadáa, mo dá tòun náà padà. Nígbà tí abúlé ránṣẹ́ sí i pé bí kò bá fúnra rẹ̀ rù ú wá, kò ní fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, baálé wá. Mo ti ní kí wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wà nílé, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń kírun bọ̀. Ó rù ú láti oríta. Òógùn ti so fìlà rẹ̀ mọ́ orí.

Aládùúgbò mi tó ń lọ ata lójú ọ̀nà wò ó, ó ní, “Ìyá, ṣé àna yín ló ń gbé ẹrù ìyàwó bọ̀ yìí?”

Mo ní, “Ó tì o, ayálégbé bàbá àgbà mi ni.”

Mo gbé àpótí fún un, mo ní, “Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ẹ má tíì sọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ta ni iṣu yìí ti wá?”

Ó sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu.

“Ẹ dákun, etí mi ti ń wúwo.”

Ó sọ ọ́ sókè. Ó dárúkọ bàbá àgbà mi, orúkọ àti oríkì, lójú gbogbo àwọn tó dúró. Nígbà náà ni mo bá a sọ iṣu kalẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n dí yẹn ṣì ṣófo, pé bí mo bá fẹ́, ká lọ gbé bàbá mi wá. Mo ní ẹni tó ti sùn, a kì í jí i láti fún un ní ẹní. Kí ibẹ̀ ṣófo bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, kó máa rí i bó bá ń run orín.

Ó ti ń rù ú wá látìgbà náà, ọdọọdún. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún báyìí. Ọmọ rẹ̀ máa ń fi mọ́tò gbé e dé oríta, òun á sì rù ú parí, ọ̀nà yẹn ò jìn. Ọmọ-ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó ní, “Màmá àgbà, ó tó báyìí, ẹ dárí jì í.” Mo ní mo ti dárí jì í tipẹ́, ṣùgbọ́n kó gbé iṣu mi wá.

Nígbà mìíràn, bí mo bá ń gún iyán náà, mo máa ń ronú pé inú bàbá àgbà mi lè má dùn. Ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ ni mo tú síta. Ohun tí wíwá wọn kiri sì kọ́ mi nìyẹn, pé oore tí a kò bá sọ fún ọmọ, ọmọ ẹlòmíràn lè fi pe ọmọ wa ní ẹrú. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́run, wọ́n lè bá mi wí, n óò kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ tiwọn ni; bàbá tèmi ni wọ́n lé kúrò lábẹ́ fèrèsé.