Ọ̀gá Tí Lìádì Fi Ṣe Bàbá Ẹgbẹ́

Àbúrò mi ni Lìádì, ọmú kan náà la jọ mu, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí ọkùnrin yìí máa ń bù fún ènìyàn yóò pa mí lọ́jọ́ kan. Láti kékeré ni. Bí bàbá wa bá nà án tán, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní ẹ ṣeun. Ó kọ́ iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ní Akanran, iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, nítorí àgbàlagbà tó bá ti dé ló máa ń dá lóhùn ṣáájú, títí àwọn oníbàárà yòókù fi sá lọ.

Nígbà tí Ọ̀gá Fádèyí dá oko adìẹ sílẹ̀ nítòsí abúlé wa, Lìádì lọ ń po oúnjẹ adìẹ níbẹ̀. Èmi àti Hasanat ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹyin. Tí a bá ti wọlé láàárọ̀, mẹ́gàádì á ti géètì pa, ó di ìrọ̀lẹ́. Hasanat bí Mahfuz, ó ń gbé e sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá wa. Ọmú á kún, àyà aṣọ rẹ̀ á tutù rinrin, kò sì gbọdọ̀ jáde lọ fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀rọ̀ géètì yìí gan-an ló mú ká dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. A fi Lìádì ṣe alága, torí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí alága wa kọ́kọ́ ṣe. Ó ní kò sí ẹgbẹ́ tí kì í ní Bàbá Ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ àdúgbò ní, ẹgbẹ́ alásàlátù ní. Òótọ́ ni. Ta ni ká wá fi ṣe é? Ó ní, ta ló tún kù bí kò ṣe Ọ̀gá? Mo ní Lìádì, ẹni tí a torí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀? Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó ní àgbà ni wọ́n, wọn ò ní lè fìyà jẹ ọmọ ara wọn. Àwọn tó kù pàtẹ́wọ́. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú.

Ọ̀gá jẹ Bàbá Ẹgbẹ́, wọ́n ra mínírà fún wa. Láti ọjọ́ náà, àwọn ló ń ṣí ìpàdé, àwọn ló ń pa á dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹnu kan géètì, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Lìádì á ní ẹ ṣeun, sà. Gbogbo ẹ̀ sú mi.

Ní Alàmísì kan, ìyá wa ránṣẹ́ pé ara Mahfuz gbóná, kò sì gba ohunkóhun sẹ́nu. Hasanat bẹ mẹ́gàádì, ó sáré lọ fún un lọ́mú, ó sáré padà. Ọ̀gá fàáké kọ́rí pé kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Báyìí ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọmú.

A ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú nínú ilé tí wọ́n ti ń po oúnjẹ adìẹ. Mẹ́gàádì kì í ti géètì lọ́jọ́ ìpàdé, Hasanat náà bá wa wọlé, ó gbé Mahfuz dání. Ọ̀gá jókòó sórí àga Bàbá Ẹgbẹ́. Wọ́n ní bí ọmọ bá ṣẹ bàbá, bàbá ní láti bá a wí. Wọ́n wá ṣàdúrà pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ìbínú bàbá wa. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa ṣe àmín?

Lìádì dìde. Mo ní ẹ ṣeun sà ti dé nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ọ̀gá ní ó dáa, dìde. Kò dìde.

"Bàbá," ó ní, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, "ẹ̀yin ni ọ̀gá, ẹ̀yin náà tún ni bàbá ẹgbẹ́. Ìyàwó mi ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ ta ni kó gbé e lọ?"

Ọ̀gá tún ní kó dìde. Ó ní òun ò ní dìde, àfi tí Bàbá bá kọ́kọ́ dìde lórí àga ẹgbẹ́. Hasanat kúnlẹ̀ tòun tọmọ. Èmi náà, tòun ti orúnkún tó ń dùn mí, mo kúnlẹ̀. Kí n tó mọ̀, gbogbo wa ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó dá "ẹ dìde" lóhùn. Ọ̀gá wò wá títí, wọ́n ti àga sẹ́yìn, wọ́n jáde láìṣàdúrà.

Nígbà tó di Àtìní, a jókòó síwájú géètì, Hasanat wà láàárín wa. Adìẹ ń yé, kò sẹ́ni tó ń ṣa ẹyin. Nígbà tó di ọ̀sán, mẹ́gàádì ṣí géètì, ó ní Ọ̀gá ní kí Hasanat náà wọlé, kí ẹni tó bá ń tọ́mọ sì máa jáde lọ́sàn-án. Omi bọ́ lójú mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbé Mahfuz dání, mo ń yin àbúrò mi, mo ní ó ṣe bí ọkùnrin. Lìádì fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹgbẹ́ wa ò wá ní bàbá mọ́ báyìí. Ṣé ká lọ bẹ àbúrò Ọ̀gá ni?"

Mo ní kó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n ráyè bínú dáadáa.