Monica àti Apá Kẹta Eré Ògúnrẹ̀mí

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí Monica Oyèkẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ìsùàdà, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé ìyá náà fẹ́ràn eré onítàn ju oúnjẹ lọ. Bàbá rẹ̀, tó ń dá oko kòkó ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, ló kọ́kọ́ mú un lọ wo eré Jonah Ògúnrẹ̀mí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ògúnrẹ̀mí ti kú tipẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, kò sì sí yunifásítì ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kì í ti í ka eré rẹ̀. Nígbà tí Tósìn, àbíkẹ́yìn Monica, wọ pọlitẹ́kíníìkì, ìyá rẹ̀ náà forúkọ sílẹ̀ láti gba oyè másítà. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí àwọn eré Ògúnrẹ̀mí àti àṣà Ọ̀wọ̀ tó bí wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, yóò wọ mọ́tò lọ sí yunifásítì. Babátọ́pẹ́, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù l'Ọ́wọ̀, ló ń dáná ní gbogbo Sátidé. Ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé láti ìgbà tí ìyàwó òun ti ń kàwé ni òun ti wá mọ̀ pé ẹ̀gúsí a máa jóná.

Nínú gbogbo eré Ògúnrẹ̀mí, Àgbàlá Kẹta ló gba ọkàn Monica jù. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló wà nínú rẹ̀. Oyè ìdílé dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Àbúrò jẹ oyè, ẹ̀gbọ́n sì bínú kúrò nílùú. Ní apá kẹta, tí í ṣe ìparí eré, ẹ̀gbọ́n padà wá sí àgbàlá ààfin, èyí tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè ní ùghà. Ìlù kò dún, ẹ̀gbọ́n kò sì dé fìlà. Àbúrò jáde sí i, òun náà kò dé fìlà. Wọ́n wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, eré parí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ti kọ̀wé lórí eré náà gbà pé ẹ̀tẹ́ ló fi parí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n tó ṣí fìlà ti túúbá, wọ́n sì ní ọ̀fọ̀ ló pa ìlù lẹ́nu mọ́. Àwọn tó ń gbé e sórí ìtàgé lẹ́yìn odi Ọ̀wọ̀ tilẹ̀ máa ń dé fìlà fún àbúrò, kí gbogbo ènìyàn lè rí ẹni tó ṣẹ́gun. Monica kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú tirẹ̀, àsìkò ọdún Igógó, tó máa ń bọ́ sí ìgbà iṣu tuntun, ni ẹ̀gbọ́n padà wálé. Bí Igógó bá dé, a kì í lu ìlù l'Ọ́wọ̀, agogo là ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ńṣe ni Ògúnrẹ̀mí mọ̀ọ́mọ̀ yan àsìkò tí olóyè àti ẹni tí kò joyè kò lè fi fìlà ju ara wọn lọ. Ìlàjà ló fi parí eré.

Ṣùgbọ́n ní orí kẹrin ìwé ìwádìí Monica, níbi tó yẹ kó ti ṣàlàyé gbogbo èyí, gbólóhùn kan péré ló kọ: "Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, àsìkò Igógó ni." Kò wá sí i lọ́kàn pé ẹnì kan lè wà tí kò mọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníyì, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, pè é sí ọ́fíìsì.

"Ìyáàfin Oyèkẹ́, àwọn wo ni gbogbo wa?"

"Àwa ará Ọ̀wọ̀ ni, sà."

"Èmi ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ìwé wà lórí ọdún Igógó, ìwé sì wà lórí Ògúnrẹ̀mí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó so méjèèjì pọ̀. Ògúnrẹ̀mí fúnra rẹ̀ kò dárúkọ ọdún náà níbì kankan nínú eré. Bí Monica kò bá lè fi hàn pé eré náà ló ń sọ ọ́ fún àwọn òǹwòran, tí kì í ṣe òun nìkan ló ń rò ó, olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìta yóò da orí kẹrin nù, ìwé náà kò sì lè dúró láìsí i. Yunifásítì ti fún un ní àfikún àkókò lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ní fún un mọ́. Bí kò bá yege ní sáà yẹn, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Nígbà tó délé, tó ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, Babátọ́pẹ́ gbọ́ ọ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Tósìn, ṣé kíkà ni Ògúnrẹ̀mí yìí ní kí wọ́n máa ka eré rẹ̀ ni, àbí wíwò?"

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Monica tọrọ gbọ̀ngàn ìjọ Kátólíìkì wọn lọ́wọ́ fadá, ó sì ṣa àwọn òṣèré jọ. Ọlámúyìwá, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló ṣe àbúrò. Kàsúmù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń bá Tósìn kàwé ní pọlitẹ́kíníìkì, ló ṣe ẹ̀gbọ́n. Monica kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Igógó fún òǹwòran kankan. Bí eré bá parí ni òun yóò tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣe é, gbọ̀ngàn kún fún àwọn ará Ọ̀wọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníyì wá, wọ́n sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ Màmá Jemimah, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú. Apá kìíní àti èkejì lọ geerege. Nígbà tí apá kẹta bẹ̀rẹ̀, agogo dún lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, àwọn obìnrin méjì tí kò wé gèlè ru iṣu tuntun kọjá, gẹ́gẹ́ bí Ògúnrẹ̀mí ti là á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Kàsúmù wọlé. Fìlà abetí-ajá tó dé ní apá kejì ṣì wà lórí rẹ̀ gbọnrangandan.

Monica ń juwọ́ sí i láti ẹ̀yìn aṣọ, Kàsúmù kò rí i. Kíkùn bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kó ṣí fìlà rẹ̀. Ẹlòmíràn béèrè ẹni tó kọ́ ọmọ náà ní eré. Màmá Jemimah dìde dúró.

"Ọmọ àlejò, Igógó la wà yìí. Ṣí fìlà yẹn kí o tó kó bá wa."

Ẹ̀rín bú yéè. Kàsúmù já fìlà náà mọ́ abíyá, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà látorí ìtàgé. Bó ti dìde ni Ọlámúyìwá jáde sí i, ẹ̀rín sì dáwọ́ dúró. Ní ìlà iwájú, obìnrin kan rọra tú gèlè rẹ̀ sórí itan. Ẹni tó jókòó tì í náà tú tirẹ̀. Màmá Jemimah bojú wo ẹ̀gbẹ́.

"Bàbá, tiyín náà ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníyì ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wo ara wọn lórí ìtàgé. Àgbẹ̀ kan níwájú ilẹ̀kùn sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́: "Wọ́n ti dọ́gba. Ìjà parí." Àtẹ́wọ́ sì sọ.

Monica tún orí kẹrin kọ. Ó to ẹ̀rí inú eré lẹ́sẹẹsẹ: agogo, iṣu tuntun, obìnrin tí kò wé gèlè. Lẹ́yìn náà ló kọ ohun tí àwọn òǹwòran ṣe àti ohun tí wọ́n sọ nígbà tó bi wọ́n léèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníyì ní kó kọ àṣìṣe Kàsúmù náà sí i bó ṣe rí gan-an, kó má ṣe fi bò. Ó kọ ọ́.

Níwájú ìgbìmọ̀ olùdánwò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hamidat, obìnrin tó wá láti ìta, ló béèrè ìbéèrè tó le jù. Ó fẹ́ mọ ìdí tí òǹkọ̀wé fi gbé odindi eré lé ọdún kan tí kò sì dárúkọ rẹ̀.

"Àṣìṣe tí èmi náà ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ orí kẹrin ni, mà," ni Monica wí. "Ará ilé rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé àlejò ń gbọ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní kí Monica bọ́ síta díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é padà, gbogbo wọn ti dìde dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hamidat bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sọ fún un pé ó ti yege, àtúnṣe kéékèèké nìkan ló kù, ó sì ní ohun tí òun ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun nípa eré yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò yí padà láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ni Monica ti pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Babátọ́pẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Ó gbọ́, ó wá ní kó jọ̀wọ́ dúró ná, kí òun lọ sọ fún àwọn aláìsàn, nítorí wọ́n ti ń béèrè èsì láti àárọ̀.