Òróró Lórí Àpòòwé Bísí

Wọ́n ní a ti ṣí àpòòwé náà. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ yé ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí kí n tó sọ ìyókù.

Iṣẹ́ mi ní Wakefield níbí, lókè òkun, ni kí n máa fi ètò ẹ̀kọ́ yunifásítì kan wé òmíràn fún àwọn tó fẹ́ padà sílé ìwé: kí ni wọ́n ń béèrè, kí ni wọn kì í gbà, ọjọ́ wo ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń tọ́jú arúgbó nínú ilé onílé. Bísí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ti ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì nílé, ó sì fẹ́ di nọ́ọ̀sì. A tẹ́ ètò méje sórí tábìlì mi. Mẹ́fà ní kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá ti kú, kó lọ tún kẹ́mísírì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni pé omi ti yí padà láti ìgbà náà. Ẹyọ kan péré ló ń gba kọ́ọ̀sì àtijọ́. Bí ìyẹn bá bọ́, ọdún méjì gbáko ni Bísí máa fi kọ́ ohun tó ti mọ̀, ó sì ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Ètò yẹn ń fẹ́ ìwé máàkì, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo kọ́ọ̀sì tí èèyàn ṣe àti ohun tó gbà nínú wọn. Rẹ́jísítírà yunifásítì Bísí nílé gbọ́dọ̀ lẹ àpòòwé rẹ̀ pa, kó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Oṣù márùn-ún la fi dúró. Nígbà tó dé sọ́wọ́ Bísí, mo ní, "Má ṣí i o." Kò ṣí i. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ gbé e lọ, kó tó fi ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ni ètò náà.

Ìgbà tí lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì dé pé a ti ṣí i ni mo tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Pásítọ̀ kàn fi òróró díẹ̀ sí i ni."

"Díẹ̀ báwo?"

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì òyìnbó, díẹ̀ ò lè ràn án."

Inú bí mi, mo sì tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Mo ní kó má ṣí i, mi ò ní kó má gbé e lọ síbi àdúrà, èmi tí mo mọ àwọn èèyàn mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Ohun tí wọ́n kọ ni kó o kà, má ka ohun tí wọ́n rò." Mo tún ojú ìwé òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kà. Wọ́n kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ ṣí. Wọn ò kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ ní òróró.

Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Lẹ́tà wọn kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni àpòòwé fi wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ó wá ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tilẹ̀kùn. Mo pè wọ́n, èèyàn mẹ́ta ló jù mí síra wọn, ẹni kẹrin sì ni ẹni àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bísí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní Manhattan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àpòòwé náà wá. Òǹtẹ̀ ẹnu rẹ̀ ti ṣàn bí ìpara ojú ẹni tó sunkún.

"Ẹ fi ibi tí wọ́n ti ṣí i hàn mí," mo ní.

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Mà, ó ti rin."

"Mi ò bi yín bóyá ó rin."

Bísí fa aṣọ mi. "Àǹtí, ẹ rọra, wọ́n máa lé wa jáde."

"Kí wọ́n lé wa. Kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá wọn jáde, obìnrin kan tó fi awò ojú kọ́ ọrùn. Mo gbé ojú ìwé tiwọn fún un. Ó kà á. Ó gbé àpòòwé sókè síná, ó fi èékánná tọ ẹnu rẹ̀ láti ìgun dé ìgun. "Kò sẹ́ni tó ṣí i," ló wí. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e níṣojú wa. Rẹ́jísítírà ilé, ẹni tó fi oṣù márùn-ún dà mí láàmú, ti fi àpòòwé kejì sínú rẹ̀, gbígbẹ bí orógbó. Kẹ́mísírì Bísí, A ni.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n gbà á wọlé, pẹ̀lú gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ àtijọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti béèrè ìwé àforíjì lọ́wọ́ wọn. Èyí tó kọ́kọ́ dé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Olùbéèrè wa ọ̀wọ́n." Mo dá a padà. Èkejì ní orúkọ Bísí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú, ọ̀gá náà sì fọwọ́ sí i. Bísí dìde dúró ní ọ́fíìsì mi, ó kà á sókè látòkèdélẹ̀.

"Àǹtí, wọ́n bẹ̀ mí o!"

"Wọ́n bẹ̀ ọ́. Ó yá, agogo mẹ́fà ni kíláàsì ẹ. Má pẹ́ dé, kí wọ́n má lọ rí ẹ̀sùn tòótọ́ kọ."