Àwo Alágbàfọ̀ Tó Wà Lójú Karùn-ún

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi irọ́ pò ó, kí bàtà mi méjèèjì di ti ẹsẹ̀ òsì, kí n sì máa wọ̀ wọ́n rìn títí ọjọ́ ayé mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi obìnrin náà fúnra rẹ̀, bó bá ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí kò sùn.

Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe aṣọ ìgbafẹ́ ló ń fọ̀ o. Aṣọ ibùsùn aláìsàn ni, ìbora tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́, ìrọ̀rí tí òógùn ti sọ di páálí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ibẹ̀ tóbi tó yàrá ìdáná, a sì máa pariwo bí òjò orí páànù láti àárọ̀ dalẹ́. Bí aṣọ bá tinú rẹ̀ jáde, á wúwo bí òkú ẹran. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á fà á títí á fi nà, wọ́n á ká a, wọ́n á tún mú òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ìka rẹ̀ á ti wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa rìn bí ẹni pé àyálò ni. Bó bá jókòó sínú ọkọ̀, oorun á gbé e kọjá ibùdókọ̀ rẹ̀, á wá máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ padà wálé.

Òun ló ra ẹ̀rọ dífídì tí wọ́n fi ń wo àwo fíìmù nílé wọn. Kì í ṣe èyí tó ń gba àwo kan ṣoṣo bíi tàwọn tó kù ládùúgbò. Márùn-ún ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, àtẹ kan á yọ jáde bí ahọ́n, ojú márùn-ún á wà lórí rẹ̀ yíká bí ọmọ ìyá tó jókòó ti abọ́. Wọ́n á to àwo sí i, wọ́n á tì í padà, ẹ̀rọ náà á kùn gììì, á wúkọ́ bí arúgbó, á wá bẹ̀rẹ̀ láti ojú kìíní. Bí kìíní bá tán, ó bọ́ sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkarùn-ún.

Aránṣọ tó ń gbé yàrá òdìkejì ní irú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tirẹ̀ gbé àwo mì, kò sì pọ̀ ọ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló wá ń kó sórí rẹ̀.

"Tiwa ti di àpótí òwú," ó ní. "Tiyín ńkọ́?"

"Tiwa ń ṣiṣẹ́," ni Alágbàfọ̀ dá a lóhùn.

"Ẹ rọra máa yọ̀. Kò tíì mọ̀ yín dáadáa ni."

Alágbàfọ̀ rò pé òun ti ra ìsinmi. Ojú márùn-ún, èèyàn márùn-ún nínú ilé, kí ló tún kù tí wọ́n á máa jà sí? Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé àwo tirẹ̀ kalẹ̀. Màmá yìí fẹ́ràn ìjàkadì ju oúnjẹ lọ. Bí wọ́n bá gbé òmìrán kan ṣánlẹ̀, òun náà á fẹsẹ̀ gbálẹ̀ gbì. Ó fi àwo rẹ̀ sójú kìíní, ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ilé yìí. Kí kálukú tò tẹ̀ lé mi bó ṣe wọlé."

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Ọkọ, tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù lóru, gba ojú kejì fún bọ́ọ̀lù àtijọ́ tó ti mọ ẹni tó jẹ góòlù kí wọ́n tó gbá a. Àbúrò ọkọ, onígbàjámọ̀ tí ìyàwó ń pè ní Adúmáradán, gba ojú kẹta fún ogun àti ìbọn. Ojú kẹrin ló yẹ kó kan ìyàwó, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré fẹ́ wo àwọn ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, Màmá sì ní, "Ìyá wo ló ń bu oúnjẹ ṣáájú ọmọ ẹ̀?" Báyìí ni ẹni tó ra ẹ̀rọ ṣe di ará ojú karùn-ún.

Ì bá má burú tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti rìmóòtù. Rìmóòtù ni wọ́n fi ń fò láti ojú kan sí òmíràn, inú àpò ṣòkòtò ọkọ ló sì wà lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ ṣòkòtò náà sómi ọṣẹ. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò jí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ dé ojú karùn-ún ní láti la ìjàkadì, bọ́ọ̀lù, ogun àti ẹranko kọjá.

Ìgbà kan wà tó yọ àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò kó lè wo tirẹ̀ nìkan. Màmá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé.

"Ta ló lé mi dìde lórí àga mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo kàn fẹ́ wo—"

"Ṣé mo ti kú ni?"

Ó kó gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà, ó sì lọ sùn.

Àwo tí wọ́n ká ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ obìnrin sí ló wà lójú karùn-ún yẹn. Kò lè lọ síbi ìgbéyàwó náà. Àìsàn ti gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣánlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, aṣọ ìdọ̀tí ga dé àjà, ọ̀gá sì ní ẹni tó bá lọ kó má padà. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá kò pariwo. Ó kàn ní, "Ó dáa. Iṣẹ́ ni." Gbogbo ẹni tó bá ní ìyá ló mọ bí irú "ó dáa" yẹn ṣe ń dunni ju ẹgba lọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyá fi àwo ránṣẹ́. Ó ní kó wò ó dáadáa, pàápàá ibi tóun ti dìde sọ̀rọ̀, nítorí pé òun dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún níbi iṣẹ́. Aṣọ tútù wà léjìká Alágbàfọ̀.

"Ṣé o ti wò ó?"

Òótọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ibi tó jìnnà jù lọ tó dé nínú àwọn àwo náà ni ogun Adúmáradán. Àárín ìbọn ló ti sùn, ó sì jí pẹ̀lú ilà tìmùtìmù lẹ́rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ó rántí "ó dáa" yẹn.

"Mo ti wò ó, Màámi."

"Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ńkọ́? Báwo ni mo ṣe ṣe?"

"Háà, Màámi! Ẹnu yín dùn."

"Ṣé wọ́n gbọ́ mi?"

"Gbọ́ kẹ̀? Gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Bàbá ọkọ ìyàwó pàápàá ṣí fìlà."

"Ó ṣí fìlà?"

"Ó ṣí i, ó fi nu ojú."

Irọ́ kì í dá gbélé, ó máa ń bímọ. Nígbà tí ìyá tún pè, àwọn obìnrin gbọ̀ngàn ti dìde dúró. Nígbà tó pè lẹ́yìn ìyẹn, onífídíò fúnra rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Ìyá kò tilẹ̀ bi í pé ta ló wá ká ìyẹn sínú àwo. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Tún un sọ."

Àfi lọ́jọ́ tó pè tó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ilé òun kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òun fẹ́ wá fojú ara òun rí fìlà tó ṣí.

Alágbàfọ̀ gbé fóònù sílẹ̀. Bí ìyá bá mọ̀ pé kò wò ó, á ní ó ti fojú tín-ínrín ìgbéyàwó náà lẹ́ẹ̀mejì: kò wá, kò sì wò ó. Ó pinnu pé kí ìyá tó dé, òun gbọ́dọ̀ rí àwo yẹn, ó kéré tán kóun mọ bí irọ́ òun ṣe jìnnà sí òótọ́ tó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí ilẹ̀ kí oorun má baà rí àga gbé e lé. Bọ́ọ̀lù kò tíì dé ìdajì tó fi sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó dìde dúró. Ó sùn lóòró, ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ìgbálẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń múra iṣẹ́ kọjá lára rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ò ń ṣọ́lé dè mí ni?" Kò gbọ́.

Ìyá dé lọ́jọ́ ìsinmi pẹ̀lú ìwérí tuntun.

"Ẹ káàbọ̀ o, àna mi," ni Màmá kí i.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé ọmọ mi ti sọ fún yín bí bàbá ọkọ ìyàwó ṣe ṣí fìlà?"

Màmá yíjú sí Alágbàfọ̀. "Kò sọ fún wa o. A ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti wò ó."

Alágbàfọ̀ wo ẹ̀rọ náà. Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti ń bẹ̀ ẹ́: gbé e mì, jọ̀wọ́, gbé e mì bí ti aránṣọ. Ẹ̀rọ náà yọ ahọ́n jáde wẹ́rẹ́, kò há, kò kùn, bí ọmọ tí wọ́n ti ṣèlérí ẹran fún.

"Àlejò ni yín," ni Màmá wí. "Tiyín ló máa wà lójú kìíní lónìí."

"Ká má rí i! Èmi kí n gba àga yín? Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà."

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi dáyé."

Àwọn méjèèjì, tí wọ́n lè bú ẹni tó bá pè wọ́n ní arúgbó láàárọ̀, ni wọ́n wá ń fi ọjọ́ orí ta ara wọn lọ́rẹ. Alágbàfọ̀ ń gbàdúrà kí wọ́n máa bá a lọ títí bọ́ọ̀sì ìyá yóò fi tó lọ. Adúmáradán ló ba á jẹ́.

"Ẹ̀yin màmá, bọ́ọ̀sì ò ní dúró de ọ̀wọ̀ o."

Ọkọ bá dìde, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí àìsùn, ó yọ àwo mẹ́rin, ó fi ti ìgbéyàwó sílẹ̀.

Ìyàwó tuntun wọlé, orin dún, ìyá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó tún ìwérí rẹ̀ ṣe bí ẹni pé àwọn tó wà nínú àwo ń wò ó. "Ó ti kù díẹ̀. Èmi rè é!"

Òun nìyẹn lóòótọ́, ó dìde lẹ́bàá tábìlì. Bó ṣe la ẹnu ni ẹ̀yìn ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan wá dúró síwájú onífídíò.

"Ta lèyí?"

"Ẹ fara balẹ̀," ni ọkọ wí, "á kúrò."

Kò kúrò. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà kún ojú tẹlifíṣọ̀n bí ilẹ̀kùn. Ariwo abọ́ ń lọ, gbohùngbohùn ń han, lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ohùn kékeré kan ń sọ pé, "Ẹ̀yin... ẹ̀yin èèyàn mi..." Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ gbóhùn sókè!" Ó sú onífídíò, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì ṣe kòńgẹ́ bàbá ọkọ ìyàwó. Fìlà wà lórí bàbá pinpin. Ó ń tayín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́yìn gbọ̀ngàn ló kàn.

Màmá wúkọ́. "Àna mi, fìlà yẹn ò ṣí o."

Ìyá kò wò ó. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Kí ló dé tó o fi purọ́ fún mi?"

"Ó rẹ̀ mí, Màámi."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó rẹ̀ ọ́. Mo ní kí ló dé tó o fi purọ́."

"Òun náà ni mo ń sọ. Ó rẹ̀ mí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí ti dé, mi ò tíì rí òpin ohunkóhun. Mo máa ń jókòó láti wò yín, oorun á gbé mi. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún mi pé ó dáa."

Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Adúmáradán pa tẹlifíṣọ̀n, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó pa á.

"Mo ti ròyìn fìlà yẹn fún gbogbo ẹni tá a jọ ń pọn omi," ni ìyá wí. "Baba kan wà ládùúgbò wa tó ti ń ṣí fìlà kí mi." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà, mo dijú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò rí ẹnì kankan, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ mi. Ẹnu rẹ nìkan ni mo ti ń gbọ́ pé mo ṣe dáadáa."

"Màámi, ẹ forí jì mí."

"Jókòó síbẹ̀. Wàá gbọ́ ọ."

Ó dìde níwájú ẹ̀rọ náà, ó la ojú sílẹ̀ kedere, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi àgbà kò sí níbí. Ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ tí ìyàwó yìí wọ̀ láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mi ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́, òun ni..."

Orí Alágbàfọ̀ ti rọ̀ sí apá àga. Ìyá kò tíì dé ibi tó ti ṣàdúrà fún un tí ọmọ fi sùn lọ fọnfọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ wíwú méjèèjì sì wà lórí itan rẹ̀. Màmá na ọwọ́ láti jí i.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ìyá wí.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì sọ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ó fi parí. Màmá, ọkọ, Adúmáradán àti ọmọ kékeré dákẹ́ gbọ́ ọ. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ, kò bá a lọ.

Gbogbo rẹ̀ pátá lòótọ́, bí mo ṣe búra. Ẹyọ kan péré ni mo fi tọwọ́ mi sí i: bàbá ọkọ ìyàwó kò tayín. Ó kàn jókòó ni. Ṣùgbọ́n mo mọ irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó máa tayín.