Igbó Tí Dókítà Kọ fún Dádì Mi

Òórùn ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kì í ṣe òórùn èéfín o, torí a ò fi iná sí i rí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé koríko níwájú ilé, tí ẹnì kan wá bó ọsàn sórí ẹ̀. Tí mo bá ti ṣí ike kékeré yẹn báyìí, á gba gbogbo pálọ̀, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí kọ́rídọ̀, á lọ dúró síwájú lífìtì bí ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Fúláàtì àtijọ́ ní Gascoigne, ní London níbí, là ń gbé nígbà yẹn, àwọn tí wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn báyìí. Ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé tí aládùúgbò bá sín, èmi ni mo máa kí i pẹ̀lẹ́. Kí lèèyàn fẹ́ fi bo òórùn mọ́lẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?

Dádì mi ló ni ín. Ẹ má tíì pariwo, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Dádì mi ṣiṣẹ́ nínú wíáháòsì fún ọdún gbọọrọ, títí ẹrù fi wó lù ú lẹ́yìn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, egungun jiná, àmọ́ iṣan kọ̀, kò gbà. Ìrora wá sọ̀ kalẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ó ní ṣe ló ń ṣe òun bí ẹni pé iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ń gbé òun, tó ń gbé òun, tí kò jẹ́ kóun bọ́. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró títí ó sú wa. Ọ̀kan ń mú un sùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òmíràn ń kó sí i lórí, tó fi ń pè mí lórúkọ Mọ́mì, Mọ́mì tó ti kú látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni dókítà àgbà kan tó mọ̀ nípa ìrora wá kọ òdòdó igbó fún un. Igbó gan-an, èyí tí THC wà nínú ẹ̀, ìyẹn ohun tó máa ń yí èèyàn lórí, àmọ́ tó tún máa ń mú ìrora rọlẹ̀. Ilé oògùn ló ń fi í ránṣẹ́. Orúkọ Dádì wà lára ike ẹ̀, bó ṣe máa lò ó náà wà níbẹ̀. Òfin ò ní kó má lò ó, níwọ̀n ìgbà tí dókítà bá ti kọ ọ́. Wọ́n kàn ní kò gbọdọ̀ ṣáná sí i bíi sìgá ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Dádì mi kì í ṣe èèyàn kékeré ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun, àwa tí a máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Inú wíáháòsì kan lápá Castle Green la ti ń jọ́sìn, ariwo mọ́tò orí títì A13 sì máa ń bá wa gbe orin. Dádì ni àgbà tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí níbẹ̀, ìwàásù tó sì fẹ́ràn jù láyé ẹ̀ ni ìwàásù igbó. Á na ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ya wèrè, kó lọ ya á nílé bàbá ẹ̀, kó má wọ aṣọ funfun ya á!" Gbogbo ìjọ á ní hàlélúyà. Èmi náà á ní hàlélúyà, ohùn tèmi gan-an ló máa ń ga jù, torí èmi ni mo ń kọ ohùn òkè nínú kúáyà. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n wá kó igbó wá bá nílé, tó ní láti buwọ́ lùwé kó tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá.

Ó kọ́kọ́ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó fi òkú pamọ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wá fojú ẹ̀ rí màbo ló pè mí. Ó ní kí n jẹ́jẹ̀ẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ gbọ́, àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú ò gbọdọ̀ gbọ́. "Tó bá dé Ìjẹ̀bú pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní igbó ni mo wá fà ní London." Mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Kò tíì yé mi nígbà yẹn pé èmi tí mo máa ń bá ọ̀nà jà tó bá gún, ẹ̀jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo ń jẹ́.

Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, torí náà èmi ni mò ń pèsè ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣe ni mo lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata. Ó kúnná, ó di lẹ́búlẹ́bú, ó dí ẹnu ẹ̀rọ tí Dádì fi ń fà á pa, mo sì ń bú ẹ̀rọ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ̀ dókítà yẹn ló ṣàlàyé fún mi lórí fóònù, ó ní n ò gbọdọ̀ kánjú. Mo wá mọ̀ ọ́n ṣe. Màá fi ọmọ ìka já òdòdó náà wẹ́wẹ́, màá ṣa igi inú ẹ̀ dànù, màá kó o sínú gíráńdà kékeré tó ń lọ̀ ọ́, màá yí i díẹ̀, kó ṣì máa rí háráhára bí ewé tíì gbígbẹ. Màá wá wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kí n má baà kọjá ohun tí wọ́n kọ, màá rọra dà á sínú ẹ̀rọ tó dà bíi tọ́ọ̀ṣì, láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ẹ̀rọ á gbóná, iná ara ẹ̀ á di àwọ̀ ewé, Dádì á rọra fà á, ohun tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀ ò ní ju ooru ẹnu ẹni lásìkò òtútù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn la máa jókòó, tí a óò máa retí. Mo máa ń wo èjìká ẹ̀. Èjìká ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí èjìká yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀bà dà?" Mo sá wọ kíṣìnnì lọ sunkún, kó tó di pé mo gbé omi kaná.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ìrora ò lọ, ó kàn sún sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ọjọ́ kan wà tí n ò sí nílé tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, ó sì mú un ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí mo dé, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín sí fíríìjì bí ẹni rí àná rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mò ń mú òṣùwọ̀n lọ síbi iṣẹ́ nínú báàgì mi. Àmọ́ ó ń rìn dé ìdí lífìtì. Ó ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ó sì mọ orúkọ mi.

Màmá aríran ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Obìnrin yìí ni wòlíì ìjọ wa, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì kọjú sí tiwa. Kò tíì pẹ́ tó dé láti Nàìjíríà nígbà yẹn, físà àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ló bá wá. Láàárín ọ̀sẹ̀, á wọ yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù, á máa ti ilé òyìnbó kan bọ́ sí òmíràn, á máa fún wọn lóògùn, á máa wẹ̀ wọ́n. Tó bá wá di ọjọ́ ìsìn, á wọ funfun, ẹ̀mí á gbé e. Ní ìsìn Wednesday kan, ó mì tìtì, ó ní, "Mo rí èéfín! Mo rí èéfín lórí ọmọbìnrin kan nínú kúáyà. Ó ń ta bàtà. Igbó ni, igbó ni ọmọ náà ń fà!"

Ta ló ń ta bàtà nínú kúáyà wa bí kò ṣe èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà ní Vicarage Field? Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ló ń bá a lé eṣinṣin, àmọ́ èmi ò ní sùúrù kí Ọlọ́run tó dé. Mo dìde. Mo ní, "Màmá, Ẹ̀mí kọ́ o, imú yín ni!"

Hẹ̀n! Ẹnì kan ní "Jésù!" bí ẹni tí wọ́n fi omi gbígbóná jó. Wọ́n mú mi jókòó. Bàbá Olùṣọ́, ìyẹn olórí ìjọ wa, ní kí n bọ́ aṣọ funfun kúrò lọ́rùn ná, kí n sì kúrò nínú kúáyà títí wọ́n á fi wá ṣe àdúrà ìwẹ̀nùmọ́ nílé wa. Mo wo Dádì. Dádì ń wo ilẹ̀.

A délé, mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kó jẹ́ n sọ òótọ́. Ó ní, "Tó o bá sọ ọ́, mi ò ní lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́ láyé mi. Ibẹ̀ nìkan ni mo kù sí." Ó tún ní, "Àmọ́ wọn ò ní torí tèmi ba orúkọ tìẹ jẹ́. Ohun tó bá ojú ti bá imú." Ló bá dé ike oògùn, ó tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò lò ó mọ́, kí òórùn lè kúrò lára mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Ìrora padà dé, ó sì kó àwọn ìbátan ẹ̀ dání. Màá gbọ́ tó bá ń fi eyín ha pílò. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó pàdánù ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá dákẹ́, ó pàdánù ẹsẹ̀. Mo wà láàárín, mò ń fi bàtà wọ ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà bí ẹni tó fẹ́ já ẹsẹ̀ náà.

Wọ́n dé ní ọ̀sán Saturday kan, Bàbá Olùṣọ́ àti Màmá aríran, aṣọ funfun gbòò, àbẹ́là lọ́wọ́, omi lọ́wọ́, tùràrí ń rú túú. Bàbá Olùṣọ́ ní ká kúnlẹ̀. Mo ní, "Dádì, ẹ jókòó." Dádì ní òun á kúnlẹ̀. Ó di àga mú, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí orúnkún ẹ̀ kan ilẹ̀, ohùn kan jáde lẹ́nu ẹ̀ tí n ò gbọ́ rí. Ó ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá Olùṣọ́ ń gbàdúrà lọ, ó rò pé ẹ̀mí ló gbé e.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo wọ yàrá, mo gbé ike náà, gíráńdà, òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ, mo kó gbogbo ẹ̀ dà sórí tábìlì láàárín àbẹ́là. "Ẹ wò ó! Ohun tí ẹ gbóòórùn ẹ̀ nìyí! Ti Dádì mi ni, dókítà ló kọ ọ́, nítorí tiyín ni kò ṣe lò ó mọ́!" Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í já òdòdó wẹ́wẹ́, mò ń sunkún, mò ń sọ ìsọkúsọ.

Màmá aríran dìde. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó gbé tùràrí sílẹ̀, ó ní, "Gbé ike yẹn wá." Ó fi gíláàsì sójú, ó kà á pẹ̀lú ọmọ ìka, bó ṣe máa ń ṣe nílé àwọn òyìnbó ẹ̀. Ó ní, "Ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn?"

"Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan!" Ó yíjú sí Dádì nílẹ̀. "Bàbá! Ta ló ní kẹ́ ẹ dá a dúró? Ṣé dókítà ni?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá," mo ní.

"Ìwọ dákẹ́ ẹnu ẹ, lọ ṣí wíńdò! Ọmọ yìí ò mọ̀wọ̀n ara ẹ̀ sẹ́ẹ̀. Bàbá Olùṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tùràrí yẹn bọ́ sí kọ́rídọ̀, èéfín ti pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ mí."

Bàbá Olùṣọ́ gbé tùràrí jáde. Ẹ gbà mí gbọ́. A fi pílò ti Dádì lẹ́yìn, mo yí gíráńdà, mo wọ̀n ọ́n. Màmá ní, "Dín in kù, ó ti pẹ́ tó ti lò ó." Mo dín in kù. Iná di àwọ̀ ewé. Mo na ẹ̀rọ sí Dádì.

Kò gbà á. Bàbá Olùṣọ́ ti wọlé padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, Dádì sì ń wo ojú ẹ̀. Gbogbo ìwàásù yẹn wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Lóòótọ́, mo rò pé ó máa kú síbẹ̀ kó tó gbà á. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. Ojú ẹ̀ ti pọ́n, ó sì gbà á, ó fi sẹ́nu níwájú wọn. Bàbá Olùṣọ́ wá kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Ẹ rọra fà á, Bàbá." Ó sì ń bá àdúrà ẹ̀ lọ, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Bàbá Olùṣọ́ sún mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra béèrè bóyá nǹkan yìí máa ń bá orúnkún ṣiṣẹ́. Màmá ti gbọ́. "Ẹ lọ bá dókítà yín, Bàbá!"

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí títí di òní. Sunday tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀mí tún gbé Màmá, ó ní èéfín ti kúrò lórí ọmọ kúáyà náà, kí wọ́n dá aṣọ ẹ̀ padà. Mo fẹ́ dìde kí n bi Ẹ̀mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, Dádì di búláòsì mi mú látẹ̀yìn. Kò wàásù igbó mọ́. Kò jẹ́wọ́ fún ìjọ náà. Ó kàn ń wá, ó ń jókòó sórí àga rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló dé.

Fúláàtì tuntun là ń gbé báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì ń dùn ún, èmi ni mo sì ṣì ń pèsè oògùn. Ó pẹ́ tí mò ń rò pé èmi ni mo ṣe gudugudu méje lọ́jọ́ yẹn, torí èmi ni mo pariwo. Bí mo ṣe ń dàgbà sí i ni mò ń rí i pé ariwo ò nira fún mi, ìyẹn ni mo bá wáyé. Ọwọ́ tí Dádì nà yẹn ló nira. Ojú ń tì í gan-an, kò sì dúró kí ìtìjú kúrò kó tó nà án.